Ṣé dandan ni àyẹ̀wò kí n tó lo oògùn èékánná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ti nípọn, ó pọ́n bí ìyeyè, ó sì ń rún. Wọ́n ní fọ́ngọ́ọ̀sì ni, pé kí n lo terbinafine fún oṣù mẹ́ta. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò ná. Bí ìdajì péré nínú àwọn èékánná tó bá bàjẹ́ báyìí ni fọ́ngọ́ọ̀sì ń fà. Àrùn psoriasis, tó ń mú kí awọ ara máa bó, lè sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, bàtà tó ń fún ìka ẹsẹ̀ náà lè ṣe é, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Oògùn tí wọ́n dárúkọ yẹn lè da ẹ̀dọ̀ láàmú. Kí lẹ fẹ́ máa gbé e mì fún bí kò bá sí fọ́ngọ́ọ̀sì níbẹ̀?

Àyẹ̀wò náà kò le. A ó gé èékánná yín sẹ́yìn dé ibi tó ti ṣí kúrò lára ẹran, a ó wá ha nǹkan bí ìyẹ̀fun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni fọ́ngọ́ọ̀sì ń gbé; ṣóńṣó èékánná téèyàn gé wá látilé kì í sábà wúlò. A ó kán potassium hydroxide sí i lórí gíláàsì. Omi yìí á yọ́ èékánná, kò ní yọ́ fọ́ngọ́ọ̀sì, tí a bá sì fi máíkírósíkóòpù wò ó, a ó rí i bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ ẹ̀ka. Tó bá jẹ́ làpálàpá ara ni, etí rẹ̀ tó ń bó la máa ń ha, kì í ṣe àárín tó ti ń jinná.

Bí a kò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò tíì fi hàn pé fọ́ngọ́ọ̀sì kò sí. A lè gbìn ín sínú àwo ní láàbù, èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ 4, tàbí kí a fi aró PAS kun èékánná tí a gé kí fọ́ngọ́ọ̀sì lè hàn.

Àwọn kan máa ń béèrè iná Wood, iná ultraviolet tí a fi ń wo awọ ara àti irun. Kò wúlò fún èékánná. Irun orí tí Microsporum, irú fọ́ngọ́ọ̀sì kan, bá mú ló máa ń tàn ní àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ làpálàpá orí kì í sì tàn rárá.

Kí ẹ tó wá, ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò, kí ẹ sì dá ìpara fọ́ngọ́ọ̀sì dúró fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2. Bí ẹ bá ti ń fi ìpara tó ní steroid pa á, ẹ sọ fún wa, torí ó máa ń pa ojú làpálàpá dà nígbà tí fọ́ngọ́ọ̀sì ń gbilẹ̀ lábẹ́. Tí ẹ bá sì ní àtọ̀gbẹ, ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò kankan kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ yẹn han dókítà yín.