Lidocaine nídìí ìrù akọ ológbò tí ìtọ̀ rẹ̀ dí

Dókítà, ẹ ní wọ́n kìlọ̀ fún yín pé lidocaine, oògùn tó ń mú kí ojú kan má mọ ìrora, máa ń pa ológbò, àmọ́ akọ ológbò tí ìtọ̀ rẹ̀ dí ń bọ̀ wá bá yín, ẹ ò sì fẹ́ rọ oògùn oorun púpọ̀ sí i lára nítorí ọkàn rẹ̀. Mo ti ń gún epidural, ìyẹn abẹ́rẹ́ lidocaine sí àyè tó yí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ká, fún ológbò tipẹ́. Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ibi tí a gún àti ìwọ̀n tí a kò ṣírò ló ń fa ewu náà.

Ọ̀pọ̀ wa kọ́ epidural lára ajá, láàárín L7 (eegun ìbàdí tó kẹ́yìn) àti S1 (ìbẹ̀rẹ̀ sacrum, eegun tó wà lókè ìrù). Okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ajá sábà máa ń parí kó tó débẹ̀. Ti ológbò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń wọ inú sacrum, àpò omi tó yí i ká sì tún gùn jù ú lọ. Bí ẹ bá gún ológbò ní L7 sí S1, kò ṣòro kí abẹ́rẹ́ bọ́ sínú omi náà. Bí omi tó mọ́ gaara bá yọ, ẹ fa abẹ́rẹ́ jáde, tàbí kí ẹ dín oògùn náà kù sí ìdajì, ó kéré tán.

Fún ìtọ̀ tó dí, kí lẹ fẹ́ ṣe débẹ̀? Ìdí ìrù ni kí ẹ lọ: àárín sacrum àti eegun ìrù àkọ́kọ́, tàbí àárín eegun ìrù kìíní àti ìkejì. Ìrù, ihò ìdí, abẹ́ ìrù àti ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni kò ní mọ ìrora mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì wà bó ṣe wà. Ẹ fá irun ibẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa, ẹ wá máa gbé ìrù náà sókè sódò. Oríkèé àkọ́kọ́ tó bá ń mì lábẹ́ ìka yín ni. Abẹ́rẹ́ 25G tẹ́ẹ́rẹ́ tó, kó dagun ní nǹkan bíi digírì 30 sí 45, láàárín gbùngbùn. Ẹ fà á wò kí ẹ tó tì í. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá, ẹ yọ ọ́. Bí ó bá wà níbi tó yẹ, oògùn náà á wọlé láìjà. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìrù á rọ, ihò ìdí á sì dẹ̀.

Ìwọ̀n ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Lidocaine 2% ní 20 mg nínú milílítà kan. Ìwọ̀n tí a ń lò jẹ́ 0.1 sí 0.2 ml fún kílò kan. Fún ológbò tó wọn kílò mẹ́rin, 0.4 ml jẹ́ 8 mg, 0.8 ml sì jẹ́ 16 mg, ìyẹn 4 mg fún kílò kan. Èmi kì í kọjá ibẹ̀. Sírínjì 1 ml ni kí ẹ lò, kí lidocaine náà má sì ní adrenaline tàbí èròjà tí wọ́n fi ń pa oògùn mọ́ (preservative) nínú. Ẹ má sì gbàgbé lidocaine tí ẹ fọ́n sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ ki rọ́bà bọ̀ ọ́, àti jẹ́lì tó wà lára kátítà: gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ìṣírò kan náà. Bí ara ológbò bá ń gbọ̀n, tàbí iṣan ń jó, ó ti pọ̀ jù nìyẹn; gìrì ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọkàn.

Kí ẹ tó gún ohunkóhun, ẹ wo potassium, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí ìtọ̀ bá dí, àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́ nínú ológbò tí ìtọ̀ rẹ̀ dí kò gba ìdúró: calcium gluconate, tó ń dáàbò bo ọkàn, àti omi tí a ń fà sí i lára ló kọ́kọ́ kàn, kì í ṣe epidural. Ológbò tó ti rẹ̀ gan-an lè má nílò ju oògùn oorun díẹ̀ lọ.

Fún iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bupivacaine, oògùn tó jọ lidocaine, ni mo fi ń ṣe é, torí lidocaine kì í kọjá nǹkan bíi wákàtí kan, ti bupivacaine sì lè tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọkàn ni tirẹ̀ ń bá jà bí ó bá bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà ẹ má gbójú kúrò lára ìfúnpá náà. Bí ẹ bá fi morphine tí kò ní preservative kún un, ẹ máa tẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí ó lè má tọ̀.

Ẹ má gún un rárá bí awọ ibẹ̀ bá ní egbò tàbí kòkòrò, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í bá dì, tàbí bí sacrum tàbí ìdí ìrù bá ti fọ́ débi pé ẹ ò mọ eegun kan sí èkejì. Ẹ sì sọ fún olówó rẹ̀ ṣáájú pé irun tí ẹ fá yẹn lè pẹ́ gan-an kó tó hù.