Ilé ẹjọ́ fagi lé òfin oògùn olóró: kí ni "ilé ọba tó jó" ń wá níbẹ̀?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: agbẹjọ́rò kan ń sọ̀rọ̀ nípa bí ilé ẹjọ́ ṣe ń fagi lé òfin oògùn olóró, ó wá pa á lówe pé "ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ohun tí òwe yẹn ń wá nínú ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù. Ìdáhùn tí àwọn kan ti sáré fún un ni pé ọlọ́rọ̀ ni ọba, kò sí ohun tó pàdánù, àti pé òfin tí adájọ́ bá ti dáná sun ti di eérú, kí oníkálukú máa fa igbó rẹ̀ lọ. Àlàyé játijàti gbáà ni. Irú rẹ̀ ló ń sọ ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ tún òwe náà gbọ́. Iná kọ́ ló bu ẹwà sí ilé ọba, àwọn tó tún un kọ́ ni. Ilé tèmi tìrẹ lè jó kó sì di ahoro, ṣùgbọ́n ààfin kò ní í wà bẹ́ẹ̀. Ìlú á péjọ, ibi tí ògiri ti ń yẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ mọ. Òfin oògùn olóró, ilé ọba ni. Ìjọba kì í fi í sílẹ̀ láhoro. Nítorí náà, bí adájọ́ bá fagi lé e, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé ta ló ń tún un kọ́, orí ìpìlẹ̀ wo ló sì ń kọ́ ọ lé.

Ẹjọ́ Timothy Leary, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, ló fi í hàn jù. Òfin igbó tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 1937, òfin owó orí ni. Kò sọ ní tààrà pé igbó jẹ́ èèwọ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ san owó orí: dọ́là 1 lórí áùnsì kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, dọ́là 100 fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀bìtì tó wà níbẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ yín sí kò ní bò lójú àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, igbó sì ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin àwọn ìpínlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá san, ẹ ti jẹ́wọ́. Bẹ́ ò bá san, ẹ ti rú òfin. Wọ́n mú Leary ní Laredo, lẹ́nu ibodè Texas àti Mẹ́síkò, lọ́dún 1965. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a láre: ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn kò gbà kí a fipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀. Wọ́n tún sọ àbá kejì nù, èyí tó ní ẹni tí wọ́n bá ká igbó mọ́ lọ́wọ́ ti mọ̀ pé láti òkè òkun ni wọ́n ti gbé e wọlé lọ́nà àìtọ́.

Ilé jó, àwọn kan ń jó. Oṣù 17 péré ni ijó náà fi wáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1970, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin tuntun. Ọ̀rọ̀ owó orí ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Agbára tí ìjọba àpapọ̀ ní lórí òwò láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni wọ́n gbé e kà. Wọ́n pín oògùn sí ìsọ̀rí 5, wọ́n sì ju igbó sí ìsọ̀rí kìíní, èyí tó le jù nínú márààrún. Kì í ṣe pé ìjìyà rẹ̀ le sí i ní gbogbo ọ̀nà o. Ti ẹni tó kàn ní in lọ́wọ́ tilẹ̀ fúyẹ́ sí i. Ìpìlẹ̀ ló le. Nígbà tó di ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Gonzales àti Raich, àwọn aláìsàn kan ní California ń lo igbó gẹ́gẹ́ bí egbòogi, òfin ìpínlẹ̀ wọn sì fàyè gbà á. Igi 6 ni ọ̀kan nínú wọn gbìn sílé, kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Adájọ́ 6 sí 3 ní òfin ìjọba àpapọ̀ ká a mọ́bẹ̀. Ilé tó jó ní 1969 kì bá tí lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹjọ́ náà gba ibòmíràn yọ. Gareth Prince, ẹlẹ́sìn Rasta tó fẹ́ di agbẹjọ́rò, kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀sìn wọlé, ó pàdánù ní 2002, adájọ́ 5 sí 4. Ó padà wá gba ti ẹ̀tọ́ sí ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 gbogbo adájọ́ panu pọ̀ dá a láre. Ojú ẹsẹ̀ ni ariwo gba ìgboro pé igbó ti di òmìnira. Irọ́ ni. Ohun tí ìdájọ́ tí Raymond Zondo kà sọ ni pé àgbàlagbà lè fa igbó, lè ní in lọ́wọ́, lè gbìn ín ní ìkọ̀kọ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Títà àti rírà ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọn ò dárúkọ iye gíráàmù, wọ́n ní iṣẹ́ aṣòfin nìyẹn, wọ́n sì fún wọn ní oṣù 24. Oṣù 24 kọjá, àwọn kọ́lékọ́lé ṣì ń wo ara wọn lójú. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni Ààrẹ Cyril Ramaphosa tó fọwọ́ sí òfin tuntun. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú ọlọ́pàá tó bá dá èèyàn dúró ni òṣùwọ̀n: òun ni yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó wà nínú báàgì tó fún ìlò ara ẹni àbí ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gba àlàyé "òmìnira" gbọ́, tó wá ń tà á kiri, adájọ́ kọ́ ló tàn án.

Ti Íńdíà, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Heroin tó bá ju gíráàmù 250 lọ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù níbẹ̀. Ní 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbọ́ ẹjọ́ ẹrù kan tó lé ní kílò 4, àmọ́ bí gíráàmù 60 péré ni ojúlówó heroin inú rẹ̀, ìyókù jẹ́ àdàlù. Wọ́n ní ojúlówó nìkan ni kí á máa wọ̀n. Ní 2009 ìjọba kọ̀wé jáde pé àpapọ̀ ni a ó máa wọ̀n, ní 2020 ilé ẹjọ́ kan náà, nínú ẹjọ́ Hira Singh, wá gbè é lẹ́yìn. Ní Kòlóńbíà, ìdájọ́ 1994 ní kí wọ́n fi ẹni tó ní ìwọ̀nba fún ìlò ara rẹ̀ sílẹ̀, gíráàmù 20 fún igbó. Ní 2009 àwọn aṣòfin tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ṣe láti ta kò ó.

Ayé ìsinsìnyí, àkọlé ìròyìn ni wọ́n ń kà, wọ́n á wá fi òwe tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀ bò ó lójú. Fóònù bọ́ fọ́, "ilé ọba tó jó." Ta ló tún un kọ́?

Ẹni tó béèrè tún fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n á jáde. Irú iná tó jó o ló máa sọ. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kejì ọdún 2021, ilé ẹjọ́ fagi lé abala tó ń fìyà jẹ ẹni tí wọ́n bá ká oògùn mọ́ lọ́wọ́, nítorí pé kò béèrè bóyá onítọ̀hún mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun. Òfin náà ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀, torí náà wọ́n ń pa ẹ̀bi àtijọ́ rẹ́, wọ́n sì ń dá owó ìtanràn padà. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, wọ́n ti ṣe òfin onígbà díẹ̀, wọ́n fi "mímọ̀" sí i. Ní Mẹ́síkò ní tiwọn, ìdájọ́ 2015 tó fàyè gba igbó fún ìlò ara ẹni ṣiṣẹ́ fún èèyàn 4 tó pẹjọ́ náà nìkan. Ó di ìgbà tí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ pé márùn-ún, ní 2018, kó tó di dandan fún àwọn adájọ́ yòókù, ó sì di 2021 kí wọ́n tó fagi lé èèwọ̀ náà fún gbogbo ìlú. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ní ẹni tó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà abala òfin tí wọ́n fi dá a lẹ́bi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú lọ bá agbẹjọ́rò. Bó bá jẹ́ pé títà ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, ìdájọ́ tó fagi lé abala níní lọ́wọ́ kò gbọn ẹ̀bi yẹn nù.