Tí iná bá lọ, ṣé lífítì ọlọ́ìlì ò ní já lulẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ilé alájà mẹ́ta là ń kọ́ n'Íbàdàn, orúnkún sì ti ń yọ màmá wa lẹ́nu. Kọńtírátọ̀ wa ní ká fi lífítì háídírọ́líìkì sí i, pé irú ẹ̀ ló ń gbé èèyàn gun Eiffel Tower ní Paris láti 1889. Ṣé òótọ́ ni? Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí màmá wà nínú ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Omi ló ń ti tiwọn gòkè nígbà yẹn, ọ́ìlì ló máa ti tiyín, ìyẹn nìkan ni kò sọ.

Ẹ ṣáà ti rí jáàkì lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Apá kan ló fi ń rọ ọ́, odindi mọ́tò á sì máa gòkè, torí pé ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́: bí ẹ bá tì í láti ibi tóóró, ó di dandan kó ti ohun tó wà níbi fífẹ̀. Tó bá fẹ́ sọ mọ́tò kalẹ̀, ṣé ó tún ń rọ nǹkan kan? Rárá. Ó kàn máa tú fáàfù díẹ̀, mọ́tò á rọra wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìṣọ́ Eiffel, mọ́tò oníná kò tíì tó gbẹ́kẹ̀ lé. 1880 ni ilé iṣẹ́ Siemens ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lífítì oníná han aráyé ní Mannheim, ní Jámánì. Wọ́n bá gbé táńkì omi sí àjà kejì, ó tó mítà 115 sílẹ̀. Lífítì tí ilé iṣẹ́ Otis láti Amẹ́ríkà ṣe sínú ẹsẹ̀ ilé ìṣọ́ náà ní sìlíńdà, ìyẹn páìpù ńlá kan, tí inú ẹ̀ fẹ̀ tó ìńṣì 38. Omi tó wá láti òkè yẹn ń ti písítínì, ìyẹn irin tó ń rìn nínú ẹ̀, pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 80 nígbà tí mo ṣírò ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 36 péré ni písítínì náà ń rìn, ṣùgbọ́n wọ́n fi okùn wáyà lọ́ mọ́ àgbá púlì títí tí ẹsẹ̀ bàtà kan fi di 12 fún yàrá tí èèyàn wà. Bí ìrìn ti ń pọ̀ ni agbára ń dín, ó wá ku bíi tọ́ọ̀nù méje.

Láti àjà kejì dé òkè, ẹnjiníà Faransé kan, Léon Edoux, ló ṣe lífítì ibẹ̀. Mítà 160 ni, ó pín in sí méjì, àwọn èrò á sọ̀ lágbedeméjì, wọ́n á bọ́ sínú yàrá kejì. Lọ́jọ́ òtútù, omi máa ń dì, kò sí pé à ń gòkè! Ọdún 1983 ni wọ́n tó fi oníná rọ́pò ẹ̀.

Ti jíjá tí ẹ ń bẹ̀rù, àwọn ará Faransé náà bẹ̀rù ẹ̀. Kí wọ́n tó gba lífítì Otis, wọ́n tú wáyà ẹ̀, wọ́n fi okùn lásán so yàrá ẹ̀ kọ́ sókè, wọ́n wá fi àáké gé okùn náà. Ó já lóòótọ́, bíréèkì gbá a mú kó tó kanlẹ̀, gíláàsì kan ò sì fọ́.

Tiyín kò tilẹ̀ ní í já torí pé iná lọ. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù ló máa dúró. Fáàfù ti há ọ́ìlì mọ́, màmá á dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹ ó tú fáàfù ìsọ̀kalẹ̀, wọ́n á rọra dé ìsàlẹ̀, bíi ti jáàkì yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn kan máa ń fi bátìrì kékeré sí i kó lè ṣe é fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra oníbátìrì.

Ohun tí mo máa bẹ̀rù ni páìpù tó bẹ́. Fáàfù kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu sìlíńdà gan-an, tó máa ń pa dé bí ọ́ìlì bá sáré jáde lójijì. Kí kọńtírátọ̀ fi ọwọ́ kàn án níwájú yín. Lẹ́yìn náà, kó pa jẹnẹrétọ̀, kó wọ inú ẹ̀, kí ẹlòmíì sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tó san owó tó kù.