Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ gba fóònù ọmọ yín, ọmọ ọdún 15, kí ẹ sì nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, torí ọmọkùnrin tó fi fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́ sí ti ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nu ún. Èmi nu ún.

Ọmọ mi ọkùnrin ni tèmi, ọdún 16. “Ọmọbìnrin” kan ló bá a sọ̀rọ̀ lórí Instagram. Kò pẹ́ tó fi fọ́tò ránṣẹ́ tí ẹni náà fi to orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ síwájú rẹ̀: sanwó, àbí kí gbogbo wọn rí i. Ó san. Wọ́n ní kó mú sí i. Ó ta bàtà, ó yáwó lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó jí nínú báàgì mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni oúnjẹ kò fi lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, èmi ń bú u pé ọ̀lẹ ni. Mo ń bú u! Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní, kì í ṣe fọ́tò.

Nígbà tó jẹ́wọ́, mo fi ìbínú nu fóònù náà mọ́ fónífóní. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní ẹ̀rí dà? Ó tún bi ọmọ náà, níṣojú mi, pé ta ló ní kó bọ́ṣọ. Àwọn ilé ìwé fún wa ní ìwé pélébé kan lórí ìwà ọmọlúàbí. Ẹ ṣé o.

Ẹ ya àwòrán ìhàlẹ̀ náà lójú fóònù pa mọ́, pẹ̀lú orúkọ àkáǹtì àti ọjọ́. Ẹ blọ́ọ̀kì ẹni náà, ẹ fẹjọ́ sùn, ẹ má sanwó. Ìyẹn ò le.

Ìkànnì méjì ló wà tó ń bá èèyàn dènà irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kó má tàn ká. Take It Down wà fún fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún 18. StopNCII ni ti àgbàlagbà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Fọ́tò kì í kúrò lórí fóònù yín. Nọ́ńbà kan bí ìtẹ̀ka ni wọ́n ń yọ lára rẹ̀, òun ni Facebook, TikTok àti àwọn mìíràn fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó rí nọ́ńbà yọ. Tèmi ti lọ.

Ẹ má sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí wòlíì kankan pé kó bá yín dá sí i. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹ fi ránṣẹ́, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ìyá ọmọ. Àwọn tó ń polówó pé àwọn á bá yín gbà á padà, gbájúẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n jẹ nínú owó mi.

Ti fóònù tí ẹ bèèrè: ẹ̀yin àti òun ni kí ẹ jọ mú un dání. Ṣùgbọ́n lálẹ́ òní, ẹ gbé ẹní yín lọ sí yàrá rẹ̀.