Ẹ má tíì gba ilé. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin arábìnrin tẹ́ ẹ béèrè pé ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́ta fẹ́ gba ilé sí Ìyànà-Ìpájà, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ibùgbé fún àwọn ọmọbìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó kó wọn ṣòwò ẹrú ní Libya àti Oman, ẹ kú àníyàn. Ẹ ní ẹgbẹ́ wo lẹ lè bá ṣe, ẹ sì tún béèrè bóyá ó bójú mu kẹ́ ẹ fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ fún yín lówó láti òkè òkun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí l'Ékòó, láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta dé Agége, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má tíì gba ilé.

Kì í ṣe pé ilé ò wúlò o. Ilé ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn gbogbo ẹni tí àánú àwọn ọmọ yìí bá ṣe. Ṣùgbọ́n rẹ́ǹtì Èkó, epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ, owó oṣù ìyá tí yóò máa sùn tì wọ́n àti ti ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni yóò gbé owó yín mì kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun fún ọmọ tó wà nínú ilé. Àwọn tó ti ní ilé ṣáájú yín gan-an ń wá ẹni tí yóò bá wọn gbé apá kan lára ẹrù náà.

NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kẹ́ ẹ tó fojú kan ọmọ kankan. Ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ yìí lé wọn lọ́wọ́ látìgbà tí òfin ti dá wọn sílẹ̀ ní 2003, òfin tuntun ti 2015 ni wọ́n sì ń lò báyìí. 627 ni nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè fi pè wọ́n. Ẹ mú ìwé CAC yín dání, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, kẹ́ ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ owó àìmọ́, torí báńkì máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù. Inú ilé kọ́ ni àwọn ọmọ yìí ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Àárín ilé kan sí èkejì ni. Ilé ààbò NAPTIP kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé pẹ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá wà níbẹ̀, tó bá ṣì nílò ìtọ́jú lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fà á lé ẹgbẹ́ aláàánú lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń fà á léni lọ́wọ́ yẹn ló léwu.

Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ apá Ògùn, tó ti Oman dé. Wọ́n ti gba páspọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì lò ó láìsanwó. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé níbi tó kọ́kọ́ gbé, wọ́n kọ̀wé fún un kó máa lọ sí ilé ẹgbẹ́ kan tí àwa pẹ̀lú wọn ti jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló débẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lọ sílé, kó padà wá ní Mọ́ńdè. Ọmọ tí ò mọ ẹnì kan l'Ékòó! Báàgì Ghana-must-go kan ló gbé dání, inú rẹ̀ ni nílọ́ọ̀nù oògùn rẹ̀ wà, oògùn tí kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Ó ní kí wọ́n yá òun ní fóònù, ẹni tó sì pè ni àgẹ́ǹtì tó kó o lọ, torí nọ́ńbà tiẹ̀ nìkan ló mọ̀ lórí. Àgẹ́ǹtì ní kó dúró, òun ń bọ̀. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yẹn ló rí i pé ẹ̀rù ń ba ọmọ náà, ó gba ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó rí nọ́ńbà wa nísàlẹ̀, ó pè wá. Ó ti mú un wọ ilé ara rẹ̀ kí àgẹ́ǹtì tó dé.

Ìwé àdéhùn wà o, ó ní sítáǹpù, fọ́tò ọjọ́ tí a tọwọ́ bọ̀ ọ́ sì wà lára ògiri. Kò sí orúkọ ẹnì kan nínú rẹ̀ tó sọ pé èmi ni màá ṣí géètì. Látìgbà náà, ẹgbẹ́ yòówù tó bá fẹ́ bá wa ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni: ta ni, nọ́ńbà rẹ̀ ńkọ́, tí kò bá sí níbẹ̀, ta ló kàn? A kì í fa ọmọ léni lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́rọ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ẹnì kan nínú wa ló ń tẹ̀ lé e lọ, yóò jókòó tì í títí wọn yóò fi fi ibùsùn rẹ̀ hàn án, tí yóò fi jẹun. Wọ́n á jọ ka oògùn rẹ̀ níṣojú rẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ tó tún máa padà sí ọsibítù sílẹ̀, àwọn méjèèjì á tọwọ́ bọ̀ ọ́. A máa pè é lọ́jọ́ kejì, a tún máa pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀yin mẹ́ta bá lè ṣe èyí nìkan, kẹ́ ẹ jẹ́ àwọn tó ń mú wọn rin àárín ilé kan sí èkejì, gbogbo ẹgbẹ́ tó wà l'Ékòó ni yóò fẹ́ bá yín ṣe.

Ohun tó tún so mọ́ ọn ni ìròyìn. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan tí ọmọ yìí bá dé, wọ́n á ní kó tún sọ ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rí èyí tó dákẹ́ pátápátá, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kà á sí i létí, ẹ yọ ohun tó bá ní kẹ́ ẹ yọ, kó sì jẹ́ òun ni yóò gbà pé kẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn. Òfin 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú kan ẹgbẹ́ kékeré bíi tiyín náà, ẹ má jókòó sórí pé ẹ̀ ń ṣàánú.

Àwọn tẹ́ ẹ máa bá ṣe ńkọ́? Ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀, ilé ìtọ́jú Mirabel Centre wà ní ọsibítù LASUTH n'Íkẹjà láti 2013, wọn kì í gbowó ìtọ́jú. Fún lọ́yà, OPD, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, wà fún ẹni tí kò lówó. Ẹ rántí pé òfin 2015 kò fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹni tí wọ́n kó ṣòwò nítorí ohun tí wọ́n mú un ṣe níbi tí wọ́n kó o lọ. Ẹ̀rù páspọ́ọ̀tù ayédèrú kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn lanu. Àwọn tí ìjọba àti IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kiri láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ń fi bàálù kó bọ̀ láti Libya ní tiwọn, pàápàá láti 2017, ní ètò ìrànwọ́ tó máa ń bá wọn wá, irinṣẹ́ àti ọjà ni wọ́n sì sábà máa ń fún wọn dípò owó ọwọ́. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, kẹ́ ẹ má baà jọ ra nǹkan kan náà.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ le díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ọsibítù Yábàá fún wọn, wọ́n á ní, "Ǹjẹ́ mo ya wèrè ni?" Àwọn dókítà ibẹ̀ mọṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ wèrè ti ń dúró de ọmọ kó tó débẹ̀. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tàbí olùdámọ̀ràn tó lè wá bá wọn níbi tí wọ́n wà, tí wọ́n á ti mọ ojú rẹ̀, kó jẹ́ pé òun ni yóò bá wọn sọ ọ́ tó bá di dandan kí wọ́n lọ.

Ní ti ìbúra tí àwọn tó ń kó wọn ṣòwò máa ń mú wọn ṣe, àwọn tó gba ọ̀nà Benin lọ ni ó kàn jù. Ọba Benin, Ewuare Kejì, kéde ní March 9, 2018 pé gbogbo ẹni tí wọ́n mú búra ti bọ́ nínú ìbúra náà, ó sì gégùn-ún fún àwọn tó ń mú wọn búra. Ẹ sọ fún ẹni tí kò tíì gbọ́. Ẹ má bá a jiyàn pé irọ́ lásán ni. Ìbẹ̀rù tòótọ́ ló wà lára rẹ̀.

Gbèsè ló ń dá àwọn ọmọ Yorùbá inú wọn padà jù, kò sì sí ẹgbẹ́ tó ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Ìyá ti lọ yá owó èlé, bàbá ti ta ilẹ̀, wọ́n kó o fún àgẹ́ǹtì fún físà. Ọmọ wá dé lọ́wọ́ òfo. Kò pé oṣù kan tí àwọn ará ilé náà á ti máa sọ pé kó tún gbìyànjú Kuwait. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ò lè yanjú èyí. Ní Mushin, ìyálọ́jà àdúgbò ló bá wa lọ sọ́dọ̀ àwọn alájẹṣẹ́kù tí ìyá ọmọ kan jẹ lówó. Ó kúnlẹ̀ fún wọn, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ èlé kúrò, wọ́n ní kí ìyá náà máa san ojú owó díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà kọ́kọ́ sùn dáadáa, ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Irú ìyálọ́jà yẹn ni kẹ́ ẹ wá kẹ́ ẹ tó wá ẹgbẹ́ tó ní ọ́fíìsì ní Víkítóríà Áílàǹdì.

Bákan náà ni ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹgbẹ́ kan fún ọmọ kan ní ẹ̀rọ ìránṣọ oníná nígbà tí iná kì í dé àdúgbò rẹ̀. Ó tà á. Ọ̀gá télọ̀ tó gbà á lẹ́yìn náà ò gba owó ìkọ́ṣẹ́, àwa la ń ra òwú, la sì ń fún ọmọ náà lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. "Ọmọ wa ni" nìkan la sọ fún ọ̀gá náà, kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó fẹ́ o. Gbogbo wọn kọ́ ló fẹ́ ránṣọ. Òmíràn fẹ́ padà sílé ìwé, òmíràn fẹ́ ta ẹja yìnyín.

Kẹ́ ẹ tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀yin àti àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é fẹnu kò lórí ẹni tí yóò ka ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹgbẹ́ bíi mẹ́ta máa ń kọ orúkọ ọmọ kan ṣoṣo sínú ìròyìn ọdún wọn, ìjà ibẹ̀ kì í kéré, orí ọmọ náà ló sì máa ń dá lé.

Fọ́tò: rárá. Ẹ má fi ojú, ilé, tàbí àdúgbò wọn hàn, kódà tí ọmọ náà bá ní kò burú. Ẹni tó wà lọ́wọ́ yín, tó ń jẹun yín, kò rọrùn fún un láti sọ pé òun ò fẹ́. Àwọn àgẹ́ǹtì náà wà lórí Facebook, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wá wọn. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó fẹ́ fún yín lówó, ẹ fi rìsíìtì oògùn àti owó ọkọ̀ sí i, ẹ kọ iye ọmọ tẹ́ ẹ mú dé ibùsùn láyọ̀ lóṣù yẹn láìdárúkọ, kẹ́ ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé tó gbà wọ́n. Àwọn tó ń fún wa lówó títí dòní ń gba èyí. Àwọn tó ní àfi káwọn rí ojú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a ò gba owó wọn.