Ẹjọ́ tó yí orúkọ padà mọ́ mi lọ́wọ́

Àbúrò mi, o ní 200 level lo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin, pé olùkọ́ yín ní kí ẹ kọ nǹkan lórí ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin sí ogún, pé o ti rí ẹjọ́ mẹ́fà lórí Google, o wá ń béèrè bóyá ó tún pọn dandan kí o wọ láíbìrì. Àwọn kan ti sọ fún ọ pé fóònù ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí ojú tó tì mí níwájú gbogbo kíláàsì.

Ní 2011 ni, mo wà ní ọdún kẹta. Wọ́n fi mí sínú moot court (ẹjọ́ ìdánrawò àwa akẹ́kọ̀ọ́ òfin), ọ̀rọ̀ ogún yìí gan-an ló já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rí Mojekwu v Mojekwu nínú handout kan tí àwọn tó ṣáájú wa ti ń gbé lé ara wọn lọ́wọ́ tipẹ́, fótókópì orí fótókópì, tí àwọn lẹ́tà kan ti ń parẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi: ní 1997, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé àṣà Oli-ekpe ti àwọn ará Nnewi kò bá ìwà ọmọlúàbí mu. Àṣà yẹn ló ní kí ọmọkùnrin arákùnrin olóògbé wá jogún bí olóògbé kò bá fi ọmọkùnrin sáyé. Adájọ́ Niki Tobi ló kọ ìdájọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gún régé. Mo há a sórí. Mo lọ yá táì.

Mò ń sọ ọ́ lọ bí ẹni ń kéwì nígbà tí lọ́yà àgbà tí wọ́n pè wá ṣe adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Counsel, nígbà tí ẹjọ́ yìí dé Supreme Court, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "My Lord, kò dé Supreme Court."

Ó ní kí n jókòó. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ni alátakò mi, kò tiẹ̀ ta mí lólobó! Ó dìde, ó kà á sí gbogbo ilé létí: Mojekwu v Iwuchukwu, (2004) 11 NWLR (Pt. 883) 196. (NWLR ni Nigerian Weekly Law Reports, ìwé tó ń tẹ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ jáde.) Supreme Court gbà pé kí ọkùnrin tó pẹjọ́ má rí ilé náà gbà, àmọ́ wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí kòtẹ́milọ́rùn sọ nípa Oli-ekpe, torí pé kò sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá síwájú wọn. Onitsha ni ilé náà wà, òfin ibi tí ilé wà ló parí ìjà. Gbólóhùn tí mo há sórí gan-an ni wọ́n bá wí.

Kí n má purọ́, mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "Mojekwu v Mojekwu Supreme Court" ni mo tẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò ìyá tí wọ́n pè lẹ́jọ́, orúkọ ẹjọ́ sì ti yí. Ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bá mi wá, kò mọ̀ pé ẹjọ́ ni mò ń wá.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ìyá tó ń tọ́jú láíbìrì wa. Ó bi mí pé ta ló kọ head-note, àkópọ̀ orí ìdájọ́, tí mo kà. Mo ní adájọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn olóòtú ìwé ló ń kọ ọ́, ìdájọ́ gan-an ṣì wà nísàlẹ̀. Ó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka àmì ẹjọ́. Wo (1997) 7 NWLR (Pt. 512) 283: ọdún, ìdì, orúkọ ìwé, Part, ojú ìwé. Part ni kí o máa wá lórí pẹpẹ, torí òǹkà Part kì í bẹ̀rẹ̀ padà lọ́dọọdún, láti 1985 tí Gani Fawehinmi ti dá ìwé náà sílẹ̀ ló ti ń gun òkè bọ̀. (Ìjà tí Gani bá ìjọba jà ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀.)

Òǹkà yẹn wúlò fún mi lọ́dún tó kọjá. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè yìí ní ìbéèrè kan, ó kó ẹjọ́ mẹ́rin lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan ní ọdún 2003, Pt. 310. Mo rẹ́rìn-ín. Bí a bá ti dé 512 ní 1997, báwo la ṣe tún padà sí 310 ní 2003? Mo sì fa Part 310 náà yọ, mo ṣí ojú ìwé tó dárúkọ. Àárín ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni mo bọ́ sí. Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ wá síwájú adájọ́, nínú ẹjọ́ Mata v Avianca. Ní 2025, irú rẹ̀ dé iwájú High Court ní London. Orúkọ olùpẹjọ́ ibẹ̀? Ayinde. Ayé kéré.

Máa yẹ ìwé òfin wò bákan náà. Lọ́dún 2011 yẹn kan náà ni Evidence Act (òfin ẹ̀rí) tuntun dé, tó fi abala 84 sílẹ̀ fún ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, síbẹ̀ nọ́ńbà abala ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú handout wa. Wọ́n sì tún un ṣe ní 2023.

Ní ti iṣẹ́ tìrẹ, Ukeje v Ukeje, (2014) 11 NWLR (Pt. 1418) 384, ni kí o fi ṣe òpó. Supreme Court ló sọ níbẹ̀ pé àṣà Igbo tó fi ogún bàbá du ọmọbìnrin kò bófin mu, wọ́n sì so ó mọ́ abala 42 ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999, tó ní kí a má ṣe fi ẹ̀yà tàbí akọ-n-bábo ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. O lè rí ìwé òfin fúnra rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì PLAC, àjọ kan tó ń kó àwọn òfin Nàìjíríà síta. Ka ìdájọ́ náà tán, kì í ṣe head-note. Kí o sì wo ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ ti fi í ṣe láti ìgbà náà: wá a pẹ̀lú orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣẹjọ́, wá a pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú ẹjọ́, má fi orúkọ ẹjọ́ nìkan wá a.

Mo ṣì ní ìwé àkọsílẹ̀ tí mo rà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Òpó mẹ́ta ló ní: orúkọ ẹjọ́, ibi tí mo ti rí i, ibi tó parí sí. Ìlà àkọ́kọ́ ni "Mojekwu, handout, di Iwuchukwu 2004", wọ́n fi bírò pupa fà á lábẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Alátakò mi ló fà á, ó ní kí n má baà gbàgbé ẹni tó nà mí.