Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Ń Ké Tí Ọkọ̀ Kò Sáré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú ọkọ̀ yìí. Ẹ ní bí ẹ bá ti tẹ tọ́tù ọkọ̀ máńúà yín ní gíà kẹrin, ẹ́ńjìnnì á fi igbe ta, abẹ́rẹ́ rẹ́vù (èyí tí ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó hàn) á fò sókè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni pé ẹ kò tẹ nǹkan kan, àti pé mẹkáníìkì yín ti ní kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rà á. Ohun kan náà ni ó ṣe ọkọ̀ tèmi, mo sì sanwó ìtúlẹ̀ gíà bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ hàn sí mi, èmi àti ìyàwó mi ń ti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì, àpò gàrí mẹ́ta sì wà nínú búùtù. Títí a fi kọjá Ìwàràjà, n kò rí àléébù kankan. Bí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, abẹ́rẹ́ rẹ́vù fò láti 2,500 sí 4,000 lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ eré sì ń sọ̀kalẹ̀ ní tirẹ̀. Òórùn kan gba inú ọkọ̀, ìyàwó mi sì ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ń dáná sun táyà nínú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ wa ni ó ń rùn.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ní púlọ́ọ̀gì ni, ó tún ní pọ́ǹpù epo ni. Mo ra méjèèjì. Bí mo bá ti ní òye díẹ̀ nígbà náà, ǹ bá ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tí epo kò dé dáadáa kì í ké bẹ́ẹ̀, ńṣe ni rẹ́vù rẹ̀ gan-an máa ń falẹ̀. Èyí tí rẹ́vù rẹ̀ ń gòkè wẹ́rẹ́ kò ṣàìní agbára. Agbára náà ni kò dé ẹsẹ̀ táyà. Níwọ̀n ìgbà tí gíà bá ti wọlé, tí ẹsẹ̀ sì ti kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì (ohun tí ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà bọ́ọ̀sì), rẹ́vù àti eré gbọ́dọ̀ jọ gòkè kí wọ́n sì jọ sọ̀kalẹ̀. Bí rẹ́vù bá dá nìkan lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ nìyẹn.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, ẹ fa hánbíréèkì, ẹ fi òkúta dí táyà, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣáná sí i, ẹ fi sí gíà kẹrin, ẹ tẹ tọ́tù díẹ̀, kí ẹ wá máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé gíà kò wọlé, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì padà kíá, ẹ má sì ṣe é ní àṣetúnṣe, nítorí ooru ni yóò fi jó èyí tí ó kù níbẹ̀. (Bí rẹ́vù bá ń gòkè nígbà tí ọkọ̀ kò sí nínú gíà rárá, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn: ẹ wo rọ́bà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì bóyá ó ti ya, àti kébù tọ́tù bóyá ó ń há.)

Ẹ tún wo pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì náà. Tí ó bá jẹ́ oníkébù, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ kí ó tó le. Bí kò bá rọ̀ rárá, kébù ti le jù, kò sì jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì dì mọ́ra tán. Títún un dè lè parí gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìtú nǹkan kan.

Tèmi kò parí síbẹ̀. Mẹkáníìkì kejì pààrọ̀ ẹ̀yà kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn pílétì, kọ́fà àti bíárìn, ọkọ̀ sì dáa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo lóṣòó tì í nígbà tí ó ń sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀. Pílétì tuntun náà ṣì nípọn, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì tutù fún ọ́ìlì. Mo fi ìka pa ọ́ìlì náà, mo gbọ́ òórùn rẹ̀: kò ní òórùn bí ẹyin bíbàjẹ́ tí ọ́ìlì gíà máa ń ní. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, láti inú síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ó fẹ́ fi bẹntiróòlù fọ pílétì náà kí ó dá a padà, mo kọ̀, torí pé ọ́ìlì tí ó ti mu wọ inú rẹ̀ yóò tún jáde bí ó bá gbóná.

Ohun tí ó ba síìlì jẹ́ gan-an ni ó yà mí lẹ́nu jù. Rọ́bà kékeré kan wà lórí ẹ́ńjìnnì tí èémí inú rẹ̀ ń gbà jáde. Nígbà tí a yọ ọ́, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kò kọjá, ìdọ̀tí ọ́ìlì ti dí i pa. Èémí tí kò rí ọ̀nà lókè ni ó ń ti ọ́ìlì gba ẹ̀yìn síìlì. A pààrọ̀ rọ́bà, a pààrọ̀ síìlì, a gbé fláìwíìlì, irin róbótó ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tí pílétì ń dì mọ́, tí iná ti jó tí ó ní àmì aró lójú, lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá irin, kí a tó de pílétì mìíràn mọ́ ọn. Láti ìgbà náà mo ti gun òkè Ẹ̀fọ̀n ní àìmọye ìgbà, tẹrùtẹrù.

Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u, ẹ tẹ́ páálí sí abẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà bọ́ọ̀sì ti pàdé, kí ọkọ̀ sùn lé e mọ́jú. Ẹ sọ fún mi bóyá ọ́ìlì kán sí i, àwọ̀ rẹ̀, àti bí ó ṣe ń rùn, a ó mọ síìlì tí ẹ máa rà mọ́ kílọ́ọ̀ṣì.